Wáyà Onílé

Wọ́n ní gbogbo iná òkè àjà tó wà ní Dubai àti Sharjah ló ní etí. Wọ́n ní tí ẹ bá tú fítìn iná, ìyẹn àwo irin tí wọ́n ń dè mọ́ àjà kí wọ́n tó fi gílóòbù sí i, wáyà mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀, kì í ṣe méjì bíi ti Mushin. Wọ́n ní ẹ̀kẹta yẹn, èyí tó láwọ̀ ewé tí wọ́n fa ìlà yẹ́lò sí lára, wáyà onílé ni. Òun ló ń kó ọ̀rọ̀ inú yàrá lọ sétí onílé níbi tó jókòó sí tó ń mu kọfí. Òun ni onílé fi mọ iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kan. Òun ló fi mọ̀ pé ẹnì kan ń se pánlá ní àjà kẹta. Obìnrin oníṣòwò kan ní Deira tilẹ̀ fi tirẹ̀ kún un, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan bú onílé lábẹ́ iná lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, onílé ti fowó kún owó ilé. Bẹ́ẹ̀ onílé ò nílò wáyà kankan kó tó fowó kún owó ilé, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Ẹ má wulẹ̀ wá bàbá ọ̀rọ̀ yìí lọ jìnnà. Mùráínà ló bí i, òun ló sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ló sì gbé e pọ̀n yí gbogbo Rolla ní Sharjah ká.

Mùráínà, ọmọ Mushin, gáàdì ni ní ẹnu ọ̀nà ilé ńlá kan ní Al Karama ní Dubai. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ gún régé, bàtà rẹ̀ ń dán, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó lè ṣí i fúnra wọn. Àmọ́ tí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò ní sọ pé gáàdì lòun. Á ní oníṣẹ́ iná lòun. Ti gáàdì yìí, visa ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, ó ṣiṣẹ́ iná ní Mushin lóòótọ́. Irú iṣẹ́ iná wo? Irú èyí tí wọ́n máa ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò ni, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Tí iná bá gbé e, á fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò, á ní òun àti iná ń ṣeré ni, àwọn ti mọra tipẹ́. Tó bá sì rí wáyà kẹta nínú fítìn tuntun tó wọ̀lú láti òkè òkun, á gé e mọ́ ìdí, á ní ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe. Òwe tirẹ̀ ni pé ọkọ kan, aya kan ló ń gbé inú iná. Ẹni kẹta tó bá bá wọn níbẹ̀, alárinà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ ni.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lásìkò yìí ni pé àdéhùn iṣẹ́ gáàdì rẹ̀ ti ń parí lọ, ilé iṣẹ́ náà sì ti sọ fún un pé àwọn ò ní tún un ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ilé iṣẹ́ kan náà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó iná àti omi inú ilé, àyè oníṣẹ́ iná kan sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá yege ìdánwò lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka yẹn, ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Biju, á gba visa tuntun. Ẹni tí kò bá yege, kó lọ ra páálí àti téèpù, kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bẹ́ẹ̀ Mùráínà ti sọ fún àwọn ará ilé tipẹ́tipẹ́ pé ẹnjiníà lòun ní Dubai. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ pé gáàdì ni, áḿbọ̀sì kí wọ́n rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ẹrù.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìdánwò sílẹ̀. Nínú bedspace, ìyẹn yàrá tí kálukú ti ń sanwó bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, tí òun àti àwọn gáàdì bíi tirẹ̀ ń gbé ní Rolla, ó gun orí àga lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó pa iná, ó tú fítìn, ó sì rí wáyà kẹta. Ní Mushin, ì bá ti gé e kó tó mí. Àmọ́ ìlú yìí kì í ṣe Mushin. Ìlú tí kámẹ́rà ti ń ṣọ́ ẹni tó ju bébà súwíìtì sílẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ó ya fọ́tò wáyà náà, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Kì í ṣe pé òun ò mọ̀ ọ́n o. Ó ní òun kàn fẹ́ dán àwọn àbúrò òun wò ni.

Ọláyọdé ló dá a lóhùn. Ọláyọdé ń ṣiṣẹ́ iná ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Abu Dhabi, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n inú bọ́ọ̀sì ló wà nígbà yẹn, ó di irin mú lọ́wọ́ kan, ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ fóònù, kò sì ráyè fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀. Ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ nìyí:

“Waya ile ni egbon. E ma ge e o.”

Ẹ̀yin náà ẹ kà á wò. Ohun tó wà lọ́kàn Ọláyọdé ni pé wáyà ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí. Ẹ má gé e o. Ohun tí Mùráínà kà ni pé wáyà ilé ni. Ẹ máa gé e o. Àmì píńpìnpín tí kò wúwo tó ẹsẹ̀ eṣinṣin ló sọ ìkìlọ̀ di àṣẹ.

Mùráínà jókòó sórí àga, ó da ọ̀rọ̀ náà rò. Wáyà ilé. Ilé ta? Ilé onílé, dájúdájú. Kí ni onílé ń fi wáyà ṣe nínú yàrá ayálégbé? Nígbà tí wọ́n tún wá ní kéèyàn gé e, á jẹ́ pé nǹkan burúkú ló ń gbé, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni. Orí rẹ̀ wú. Ó mú puláyà, ó tún gun orí àga, ó gé wáyà náà ṣákálá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gba ìlú kan lọ́wọ́ ọ̀tá.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Àwọn tí kò fojú kan onílé rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè yìn ín. Ẹnì kan ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún onílé lábẹ́ iná. Ẹlòmíràn ń fọ̀wọ̀ ròyìn fún fítìn pé AC yàrá àwọn ti ń kán omi láti ìgbà tó ti pẹ́, kó jọ̀ọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú wọn ní tiwọn ń wá Mùráínà kiri pé kó wá bá àwọn gé tàwọn. Bó ṣe di dókítà nìyẹn. Á wọlé, á na ìka sẹ́nu pé kí gbogbo ilé dákẹ́, á gun àkàbà, á gé, á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú rẹ̀. Ó wá ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní wáyà tí a gé dà bí ejò tí a gé lórí, ó ṣì lè máa gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ gidi lábẹ́ iná.

Ó gé ti àwọn Asiat náà. Asiat àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní àjà kẹta ilé náà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira ni Asiat ti ń tọ́jú yàrá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tuntun lọ. Mùráínà fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo ilé ló mọ̀, àfi Mùráínà nìkan ló rò pé àṣírí ni. Fítìn ilé ìdáná wọn, irin gidi ni láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí Mùráínà gé wáyà rẹ̀, Asiat sọ fún un pé nígbà tí òun ń fi àkísà nu fítìn náà, ó ta òun níka.

Mùráínà rẹ́rìn-ín. Ó ní onílé ló ń bínú, ó ń fetí wá ọ̀rọ̀, kò rí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Asiat wí, “tí onílé bá fẹ́ fọwọ́ kàn mí, kó wá sẹ́nu ọ̀nà, kó kan ilẹ̀kùn.”

Ọjọ́ ìdánwò pé. Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní ibi iṣẹ́ wọn tó wà láàárín àwọn ilé ẹrù ní Sharjah. Biju, ọkùnrin kúkúrú kan tó fi bírò há etí, gbé pátákó kan síwájú Mùráínà pẹ̀lú fítìn irin tuntun, ó ní kó so ó. Mùráínà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń kírun Jímọ́ọ̀. Ó so wáyà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó so búlúù, ó yí ìdè wọn le dáadáa, inú Biju sì ń dùn. Ló bá mú puláyà, ó gé wáyà kẹta bí gómìnà tó ń gé rìbọ́ọ̀nù, ó sì yíjú sí Biju, ó ń dúró kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

Biju bi í pé kí ló dé tó fi gé e. Mùráínà gbójú sókè wo iná tó wà lórí wọn, ó mi orí, ó di ọwọ́ Biju mú, ó fà á jáde sínú oòrùn. Ìgbà tí wọ́n dé àárín gbangba tí kò sí fítìn lókè bí kò ṣe ọ̀run ló tó fẹnu kò ó létí.

“Boss, that one na landlord wire.”

Biju bi í pé landlord wo. Mùráínà ní gbogbo wọn ni.

Biju ò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn ká ní ó rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà sínú ilé, ó gbé fítìn mìíràn tí kò so wáyà kẹta rẹ̀, ó bó ara wáyà tó gbé iná, ó fi í ti ara irin fítìn náà, ó wá tan iná. Gílóòbù tàn rekete. Mùráínà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé ẹ ti rí i báyìí. Biju fi ẹnu tẹ́sítà kan ara irin náà, tẹ́sítà tàn pọ́n. Àwo irin lásán, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ nù, iná wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí. Biju wá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ẹnjiníà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.

Mùráínà ní rárá. Lọ́jọ́ yẹn, òun àti iná ò mọra mọ́.

Biju pa iná, ó so wáyà aláwọ̀ ewé náà mọ́ ara irin, ó tún tan iná. Bíréékà já pà, gbogbo rẹ̀ kú. Mùráínà béèrè pé níbo niná gbà. Biju gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi tẹ ilẹ̀ kì.

“Zameen,” ló wí. Ó tún tẹ ilẹ̀. “Zameen, zameen.”

Ní Al Karama, ará Pakistan kan wà tí òun àti Mùráínà jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá fẹ́ kí Mùráínà gbé ife tíì kalẹ̀ sórí ilẹ̀, zameen ló máa ń wí. Mùráínà wo ẹsẹ̀ Biju. Ó wo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà wà. Ó yọ fóònù lápò, ó wá iṣẹ́ tí Ọláyọdé rán sí i, ó kà á. Àwọn àmì tí kò sí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bà lé orí ọ̀rọ̀ bí ẹyẹ. Wáyà ilẹ̀ ni. Ẹ má gé e o.

Ló bá rántí ìka Asiat. Òwúrọ̀ Sátidé ni Asiat máa ń fọ ilé ìdáná. Ó pè é lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ ọ́,” Asiat ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Abẹ́ iná ni mo wà.”

“Asiat, má fọwọ́ kan fítìn yẹn.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí.” Ó pa fóònù.

Mùráínà tún pè, kò gbé e. Ó tún pè. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ̀kọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ kọ́ni ló wá di ògiri láàárín àwọn méjèèjì. Òógùn bò ó nínú ṣẹ́ẹ̀tì Jímọ́ọ̀, Biju sì dúró tì í, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Asiat fúnra rẹ̀ pè. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, àkísà tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí onílé ò ti lè gbọ́. Ó ní kí Mùráínà máa sọ ọ́ báyìí. Mùráínà sọ ọ́ tán pátá: ilé, ilẹ̀, má, máa, àti irin tí iná lè wọ̀. Ó ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó pa bíréékà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí òun á fi dé.

Asiat fi àkísà náà kọ́ èjìká.

“Nígbà tó ta mí níka, ẹ ní onílé ni.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ní ó ń bínú.”

“Asiat, mo ní mo mọ̀.”

“Kò burú. Tí ẹ bá dé, ẹ bá mi bẹ onílé. Ẹ ti ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.”

Biju ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó gbọ́ ìbẹ̀rù. Ó ní ilé wo ni. Nígbà tí Mùráínà dárúkọ ilé náà, ọ̀gá jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, nítorí ẹ̀ka tirẹ̀ gan-an ló ń tọ́jú iná ilé náà. Ó wá pàṣẹ: kí Mùráínà lọ báyìí, kó lọ tún gbogbo wáyà tó gé so. Òun máa wá lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀rọ tí òun fi ń dán wáyà wò. Tí òun bá bá ẹyọ kan tí kò so, khalas, ó parí nìyẹn, ìlú rẹ̀ ń dúró dè é. Tí gbogbo rẹ̀ bá so, òun á gbà á sábẹ́ ara òun. Kì í ṣe oníṣẹ́ iná o. Ọmọ ẹ̀yìn tó ń gbé àkàbà.

Mùráínà fò wọ táksì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná Asiat, ó so ti ibẹ̀ padà, Asiat dúró tì í, ó ń bi í lójú gbogbo ìdè tó bá yí pé ṣé ó dá a lójú pé ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sí ilẹ̀kùn àwọn yòókù, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n ní onílé ti ra Mùráínà. Wọ́n ní ìdí tó fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì Jímọ́ọ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, ọ̀dọ̀ onílé ló ti ń bọ̀. Ẹni tó fún un lẹ́ran jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń béèrè ẹran rẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dá wọn lójú sí i, torí ta ni yóò máa bẹ èèyàn báyìí nítorí wáyà tí kì í bá ṣe pé wọ́n rán an? Tòhíbù, gáàdì tí òun àti Mùráínà jọ ń sùn sí yàrá kan, na ọwọ́ sí ara férémù ilẹ̀kùn, ó dí ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ejò tí a gé lórí ṣì ń gbọ́,” ló wí. “Ẹ wá fẹ́ bá a so orí ẹ̀ padà?”

Mùráínà padà sẹ́yìn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, àkàbà rẹ̀ lórí itan, oòrùn ti ń lọ sí àárín ọ̀run, Biju sì ti wà lọ́nà. Irọ́ tó fi puláyà dá sílẹ̀ kò ṣeé fi puláyà so. Ọkàn rẹ̀ ti ń di ẹrù, ó ti ń ka páálí.

Asiat ló wá dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkísà léjìká. Ó ní ìjà yìí ti sú òun. Ó ní wáyà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Gbogbo wáyà ló níbi tó parí sí. Kí gbogbo wọn jẹ́ kí wọ́n lọ síbi tí eléyìí parí sí. Tí wọ́n bá bá onílé níbẹ̀, kí wọ́n lu Mùráínà. Tí wọn ò bá bá onílé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú, pàápàá apá ti lílù yẹn. Wọ́n rọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bá Biju lẹ́nu ọ̀nà tó ń bọ́ láti inú mọ́tò, Mùráínà sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá. Biju wo gbogbo èrò náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó wá ní kí bàbá tó ń ṣọ́ ilé náà kó kọ́kọ́rọ́ wá. Wọ́n tẹ̀ lé Biju kọjá yàrá bíréékà, níbi tí gbogbo wáyà aláwọ̀ ewé inú ilé ti para pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n yí sẹ́yìn ilé, níbi tí ìdérí kọnkéré kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí gbogbo wọn ti ń tẹ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀. Bàbá náà àti Biju gbé e kúrò.

Tòhíbù ló kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó ti orí bọ ihò náà, ó sì kí onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó má baà jẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Iyanrìn ló bá níbẹ̀. Ọ̀pá bàbà kan ni wọ́n gún mọ́ inú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rí ìdí rẹ̀, wáyà aláwọ̀ ewé tó nípọn kan ni wọ́n sì dè mọ́ orí ọ̀pá náà. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó fọwọ́ wá a yíká, ó gbé orí sókè, iyanrìn wà ní imú rẹ̀. Ó wo Mùráínà bí ẹni tí wọ́n ta ọjà bàjẹ́ fún.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mùráínà gun àkàbà láti yàrá dé yàrá, àwọn ará ilé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kí i ní ẹnjiníà nísàlẹ̀, wọ́n ń bi í bóyá onílé ní kó kí àwọn. Biju ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá ìdè kan tó dẹ̀, ó ní kó tú u, kó tún un ṣe níwájú gbogbo èrò, ó sì tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n parí, Biju ní kó wá síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, kó má gbé puláyà tirẹ̀ wá.

Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò kì í gbé ohùn. Iná tó bá ṣìnà bọ́ sára irin fítìn ló ń gbé lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara èèyàn kọjá.